Bí ẹ ṣe lè lo gbogbo agbára inú bátìrì ọkọ̀ eré rìmóòtù yín ní Ilé-Ifẹ̀

Níbi tí àwọn tó ń sá ọkọ̀ rìmóòtù bá ti pàdé ní Ifẹ̀, ì báà jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo lọ́jọ́ Àìkú nínú ọgbà OAU, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ pupa tó tẹ́jú lápá Modákẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ bátìrì ta ló tóbi jù kì í pẹ́ délẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbẹ̀yìn á ní bátìrì òun ló kéré, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí yóò fi ra òmíràn. Lójú tèmi, owó yẹn ṣì lè dúró. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń pè ní aláìlera, iná wà nínú wọn. Ojú ọ̀nà ni iná náà ń ṣòfò sí kó tó dé táyà: nínú pílọ́ọ̀gì tó ti dúdú, nínú wáyà tó tín-ín-rín, nínú bẹ́árìn tó ti mu eruku. Àwọn ìyókù, inú ilé ni wọ́n ti bà wọ́n jẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣájì wọn àti ibi tí wọ́n kó wọn sí.

Ọkọ̀ oníná tó ń lo bátìrì LiPo (lithium polymer) ni mo ń bá wí níbí, pàápàá ìwọ̀n 1/10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn tó ṣì ń lo NiMH (nickel-metal hydride), irú bátìrì tó ti wà ṣáájú LiPo, ní abala kékeré tiwọn nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò kò pọ̀. Ṣájà tó lè wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di bátìrì kan, kó sì mú wọn dọ́gba ni àkọ́kọ́, èyí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mítà tí àwọn rewáyà ń lò, irin ìjósódà, ìwé àkọsílẹ̀ kan, ìkòkò amọ̀ tó ní ìdérí, àti garawa yanrìn. Bí ẹ bá ní tẹmọ́mítà tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà, tí ó sì ṣeé yí sí ìwọ̀n ara nǹkan dípò ara èèyàn, ẹ mú un mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ara bátìrì, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ máa gbà gbọ́

Lára bátìrì ẹ ó rí nǹkan bíi 2S 7.4V 5000mAh 50C. S ni iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so tẹ̀ léra. Sẹ́ẹ̀lì LiPo kan jẹ́ 3.7V, nítorí náà 2S jẹ́ 7.4V, 3S sì jẹ́ 11.1V. mAh ni ìwọ̀n iná tó lè gbé: 5000mAh lè mú ámpíà 5 jáde fún wákàtí kan. C ni wọ́n fi ń sọ bí bátìrì ṣe lè tú iná yẹn sílẹ̀ kíákíá tó. 50C lára 5000mAh túmọ̀ sí 250A.

Nọ́ńbà C yìí ni kí ẹ má fi gbogbo ara gbà gbọ́. Ẹni tó ń ta bátìrì ló ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. Ẹ wo ẹnu bátìrì kan náà tí wọ́n kọ 250A sí lára, ẹ ó rí i pé pílọ́ọ̀gì XT60 ni wọ́n fi sí i, èyí tí wọ́n ṣe fún 60A péré.

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọn kì í sábà tẹ̀ sára bátìrì: ìdènà inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi mílíóòmù wọ̀n. Gbogbo iná tó bá ń jáde ló ń gba inú ìdènà yìí kọjá, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ di ooru níbẹ̀. Ká ní bátìrì 2S méjì wà níwájú yín. Ọ̀kan ní mílíóòmù 2 nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, èkejì ní 5. Bí ọkọ̀ bá fa 60A nígbà tó ń gbéra, ti àkọ́kọ́ á wálẹ̀ ní 0.24V, ti èkejì á wálẹ̀ ní 0.6V. Fún ẹ́ńjìnnì 3300kV, tó ń yí ìgbà 3300 ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kọ̀ọ̀kan, 0.6V yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyípo 2000 tó sọnù. Agbára tó sọnù náà kò sì lọ síbì kankan: 36W ló ń se bátìrì èkejì láti inú wá, nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tó 15W. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ 5000mAh, kí wọ́n sì kọ 50C sára méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ṣájà lóde òní ló ń fi ìdènà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí bátìrì bá wọlé, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ṣájà kan náà ni kí ẹ máa lò, kí bátìrì náà kún bákan náà, kó sì wà ní ìwọ̀n ooru kan náà, torí pé bátìrì tó tutù máa ń fi ìdènà tó pọ̀ hàn. Èyí tí ẹ bá wọ̀n láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ má fi wé èyí tí ẹ wọ̀n lọ́sàn-án oṣù kẹta.

Fóltì mẹ́rin ló wà tí ó yẹ kó wà lórí yín, gbogbo wọn fún sẹ́ẹ̀lì kan:

4.20V: ó kún. Fún 2S, 8.40V nìyẹn; fún 3S, 12.60V.
3.80V sí 3.85V: ìwọ̀n ìpamọ́.
3.5V, nígbà tí bátìrì bá ti sinmi lẹ́yìn eré: ó tó, ẹ má sáré mọ́.
3.0V: kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ibẹ̀ lọ láé.

Àwọn ààlà wọ̀nyí kì í ṣe àbá. Bí ẹ bá ti sẹ́ẹ̀lì kọjá 4.20V, omi kẹ́míkà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á sì di gáàsì. Ìdí tí bátìrì fi ń wú nìyẹn. Bí ẹ bá sì fà á wálẹ̀ jù, bébà kọ́pà tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú kẹ́míkà, tí ẹ bá tún ṣájì rẹ̀, kọ́pà yẹn lè mú kí iná pàdé ara rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bátìrì kan wà tí wọ́n ń pè ní LiHV tó lè gba 4.35V. Bí wọn kò bá kọ LiHV sára tiyín, 4.20V ni òpin.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ẹ bá fẹ́ rà

LiPo tó dáa fún eré kì í sábà wà lórí tábìlì àwọn tó ń ta ẹ̀yà fóònù ní Lagere. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ká bẹ mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá yín gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ sọ fún un pé inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí tí wọ́n ń gbà sísàlẹ̀ ọkọ̀, kí ó sì fi téèpù bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbà kí èèyàn gbé bátìrì tí kò ju 100Wh lọ láìgba àṣẹ pàtàkì. 2S 5000mAh jẹ́ 37Wh péré, ìyẹn 7.4V lọ́nà 5Ah.

Bó bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi mítà wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní pílọ́ọ̀gì funfun kékeré, èyí tó ní wáyà mẹ́ta fún 2S. Tuntun tó dára á wà ní nǹkan bíi 3.8V, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì ní fi ju 0.03V lọ yàtọ̀ síra. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan bá ti wà lábẹ́ 3.0V kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn tó ń fúnra wọn to bátìrì jọ, torí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 18650 tí ẹ tú nínú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kì í ṣe fún eré. Wọ́n ṣe é kó máa tú iná díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 2200mAh kò lè ju ámpíà 4 tàbí 5 lọ láìgbóná. Ẹ nílò ọ̀pọ̀ wọn kí ẹ tó rí 40A, ọkọ̀ yín á sì wúwo. Èyí tó ń wá láti inú dírílì oníbátìrì sàn jù, àwọn kan nínú wọn lè tú 20A. Ní ti èyí tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára fún tọ́ọ̀ṣì, irọ́ gbáà ni. Èyí tó dára gan-an ní ìwọ̀n yẹn ń lọ sí bíi 3500mAh.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣíṣájì

Ẹ so wáyà ńlá àti pílọ́ọ̀gì kékeré méjèèjì mọ́ ṣájà, kí ẹ yan LiPo, kí ẹ yan iye sẹ́ẹ̀lì tó bá ara bátìrì mu, kí ẹ sì yan ọ̀nà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, èyí tí wọ́n kọ Balance sí lójú ṣájà. Ẹ tún un wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fi 3S ṣájì 2S, ìjóná ló ń kẹ́yìn rẹ̀.

Iye ámpíà: ẹ lo 1C. Ìyẹn ni pé 5000mAh gba 5A, 3200mAh gba 3.2A. Àwọn bátìrì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n lè gba 2C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìyára yẹn ń gé ọjọ́ orí wọn kúrú, kò sì fi kún iná tó ń wọlé. Kí ló dé tí ẹ fi máa kánjú nígbà tí wákàtí kan lé díẹ̀ ti tó?

Ibi tí iná ti ń wá ló ń dààmú wa jù ní Ifẹ̀ yìí. Bí iná ìjọba bá ń lọ tó ń bọ̀, ṣájà á máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ iye mAh tó wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kì í fúnni ní iná tó dúró sójú kan. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú sì máa ń fi ìyẹn kú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bátìrì ọkọ̀ gidi. Ọ̀pọ̀ ṣájà kékeré fún LiPo ló ní ẹnu tó ń gba 11V sí 18V tààrà, kò nílò ínfátà rárá. Láti ti 5A sínú 2S tó ń lọ sí 8.4V, 42W ni. Bátìrì ọkọ̀ 12V á fi bíi 4A ṣe é, bí a bá ti ka ohun tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Bátìrì 60Ah tó lera lè ṣájì bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó di ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù pé ọkọ̀ kò ní gbéra. Àwọn tó ní sólà nílé, ẹ lè fa wáyà láti ibi bátìrì 12V rẹ̀. Bó bá jẹ́ 24V, ẹ má dán an wò.

Ẹ gbé bátìrì tí ẹ ń ṣájì sínú ìkòkò amọ̀, lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì, kí ìdérí ìkòkò má dí pinpin kí èéfín lè ríbi jáde. Kò gbọ́dọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì tàbí kọ́tìnì nítòsí. Garawa yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sùn, ẹ má jáde lọ ra àkàrà: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní hósítẹ̀lì, ẹ má ṣe é nínú yàrá tí èèyàn mẹ́rin ń sùn sí.

Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá dé, tó ṣì gbóná lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yàrá kí ẹ tó ṣájì rẹ̀. Kí ẹ sì ṣe é kí ṣíṣájì parí nígbà tí eré ti kù díẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ fún eré ọjọ́ Àìkú. Bátìrì tó kún tó sì jókòó sínú ooru ló ń yára gbó jù lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru ní apá tó dáa fún wa. LiPo máa ń tú iná dáadáa nígbà tó bá wà ní nǹkan bíi 35°C sí 45°C. Nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn olùsáré a máa fi àpò amóoru wé bátìrì wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ọyẹ́ ni kí ẹ rántí rẹ̀: láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń wọ súwẹ́tà, ẹ fi bátìrì sínú àpò ṣòkòtò tàbí kí ẹ fi aṣọ wé e fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ á gbéra yàtọ̀. Ẹ má gbé e sínú oòrùn tààrà láti móoru, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kọjá 60°C, ibẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wáyà, pílọ́ọ̀gì àti sódà

Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan péré, ibí ni kí ẹ ná méjèèjì sí. Kò sí ibòmíràn tí ẹ ti máa rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí ní owó tó kéré tó báyìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu bátìrì. Pílọ́ọ̀gì funfun ńlá tó máa ń bá ọkọ̀ àtijọ́ wá, tí wọ́n ń pè ní ti Tamiya, kò lè gbé iná eré. Bó bá ti ń kọjá bíi 15A ló ti ń gbóná, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á fẹ́jú, á dúdú, ìdènà rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ gé e sọnù. XT60 tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 2S. Deans náà dáa. XT90 wà fún ọkọ̀ tó tóbi. Ẹ yan ọ̀kan, kí gbogbo bátìrì àti ọkọ̀ yín sì jẹ́ ẹyọ kan náà, torí pé gbogbo pílọ́ọ̀gì àárín tí ẹ fi ń so èyí mọ́ ìyẹn, ìdènà méjì ni ẹ fi kún un.

Wáyà náà ńkọ́? Wáyà 12AWG (AWG ni wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) ní bíi mílíóòmù 5.2 ní mítà kan. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà ilé 1.5mm tún ṣe, èyí tí bàbá rewáyà ní lọ́wọ́. Ìyẹn ní mílíóòmù 12 ní mítà kan, ó sì le gbagidi. Sẹ̀ǹtímítà 30 àpapọ̀, lílọ àti bíbọ̀, lórí 60A: 12AWG á jẹ 0.09V, wáyà ilé á jẹ 0.22V. Nítorí náà ẹ ra wáyà sílíkónì 12AWG tó rọ̀, kí ẹ sì gé e kó kúrú débi tó bá lè dé láìfà.

Fún sódà, irin ìjósódà 60W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Irin kékeré tí wọ́n fi ń tún rédíò ṣe kò lè mú wáyà ńlá gbóná tán, sódà á kàn jókòó lórí rẹ̀ ni, kò ní wọnú. Sódà 60/40 tó ní rósìnì nínú ni kí ẹ lò. Ẹ má gba ásíìdì tí àwọn tó ń tún ràdíétọ̀ ṣe ń lò. Ó ń mú lóòótọ́, àmọ́ yóò máa jẹ wáyà yín nínú rọ́bà níbi tí ojú yín kò tó. Ẹ kọ́kọ́ fi sódà bo ẹnu wáyà, ẹ fi bo ife pílọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà kí ẹ pa méjèèjì pọ̀. Tó bá mú dáadáa, ó ń dán, ó sì tẹ́jú. Tó bá ṣú tó sì rí wúruwùru, ẹ tún un jó.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má gé wáyà pupa àti dúdú bátìrì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ yín á so wọ́n pọ̀, ẹ ó sì rí iná tí ẹ ò fẹ́ rí. Ẹ gé ọ̀kan, ẹ jó o, ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì bò ó, kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára? Rewáyà tó mọṣẹ́ ní ọ̀nà kan tó máa ń fi wá ibi tí iná ti ń ṣòfò nínú ọkọ̀ gidi, ó sì wúlò fún wa. Ẹ wá gílóòbù iwájú ọkọ̀, 12V 55W, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu bátìrì yín nípasẹ̀ pílọ́ọ̀gì àti wáyà tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Lórí 2S, yóò fa bíi 3A sí 4A. Ẹ yí mítà sí mílífóltì, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan wáyà ní apá kan pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi èkejì kan apá kejì, ní ẹ̀gbẹ́ pupa kan náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ dúdú. Èyí tó dára á fi mílífóltì díẹ̀ hàn, bíi 2 tàbí 4. Èyí tó bá fi 15 tàbí 20 hàn, ibẹ̀ ni iná yín ń gbé. Ẹ má fọwọ́ kan gílóòbù, ó ń jóni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn

Ẹ yọ jíà kékeré ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ sì fọwọ́ yí táyà. Ó yẹ kó yí fún ìgbà díẹ̀ láìpariwo. Bó bá dúró lójijì tàbí ó ń rún, bẹ́árìn ti mu eruku. Eruku pupa Ifẹ̀ àti ti ọyẹ́ kì í ṣeré. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Jíà ni àwọn ọmọ wa ń fi pa bátìrì jù. Wọ́n á fi jíà ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i kí ọkọ̀ lè sáré lójú títì, ẹ́ńjìnnì á máa fa ámpíà tó pọ̀ gan-an ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbéra, bátìrì á sì kú kí eré tó parí. Lórí pápá tó kún fún kọ́nà, ẹni tó ń jáde ní kọ́nà kíákíá ló ń borí. Ẹ dín eyín jíà ẹ́ńjìnnì kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wọn ooru. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kọjá 80°C lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún dín in kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lórí pápá

Kí ọkọ̀ tó lọ, ẹ yẹ ESC wò, àpótí kékeré tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un irú bátìrì tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sí NiMH, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dá LiPo dúró. Ẹ fi ibi ìdádúró sí 3.2V sí 3.4V fún sẹ́ẹ̀lì kan. ESC àtijọ́ tí kò ní èyí rárá, ẹ ra aago kékeré tó ń ké, tí wọ́n ń fi sí pílọ́ọ̀gì funfun bátìrì.

Nígbà tí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ ti ń rọ, ẹ gbé e kúrò. Iná tó kù ní ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ pọ̀. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí ìdá márùn-ún kan kù nínú rẹ̀: nínú 5000mAh, kí ẹ má lò ju 4000 lọ.

Kété tí eré bá parí, ẹ yọ bátìrì kúrò lára ọkọ̀. Kì í ṣe kí ẹ kàn pa á. ESC tí wọ́n ti pa ṣì lè máa mu iná díẹ̀díẹ̀, bátìrì tí wọ́n sì gbàgbé sínú ọkọ̀ láti Àìkú dé Àìkú lè wálẹ̀ kọjá ibi tí kò ti ní padà mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn eré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ wọn ooru bátìrì lójú ẹsẹ̀. Bó bá gbóná lọ́wọ́ díẹ̀, kò burú. Bó bá ti sún mọ́ 60°C, nǹkan kan ń fà á jù: ẹ padà sí jíà, bẹ́árìn àti sódà. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ wọn fóltì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń kéré ju èkejì lọ nígbà gbogbo, ẹ fàmì sí i. Òun ló máa kọ́kọ́ kú.

Nígbà tí ẹ bá tún ṣájì rẹ̀ padà, ṣájà á sọ iye mAh tó wọlé. Nọ́ńbà yìí ló ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ yín ń jẹ gan-an. Ká ní eré ìṣẹ́jú márùn-ún gba 2500mAh. Ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá wákàtí, nítorí náà 2.5Ah lọ́nà 12 jẹ́ 30A ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó mọ èyí kò ní máa ru bátìrì 8000mAh tó wúwo kiri fún eré tí kò gbà ju 2500 lọ. Ìwúwo yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ iná. Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ jíà tàbí bẹ́árìn, ẹ fi nọ́ńbà tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ jèrè.

Bí kò bá sí eré mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ lo ibi tí wọ́n kọ Storage sí lójú ṣájà, kó gbé sẹ́ẹ̀lì lọ sí 3.80V sí 3.85V. Ẹ kó wọn sínú ìkòkò amọ̀, lórí ilẹ̀, nínú yàrá tó tutù jù. Ẹ má fi wọ́n sórí wọ́dúróòbù lábẹ́ páànù. Ooru tó wà lókè ibẹ̀ lọ́sàn-án kò mọ níwọ̀n.

Ẹ̀yin onífẹ̀ẹ́ NiMH

Sẹ́ẹ̀lì yín jẹ́ 1.2V, mẹ́fà ló wà nínú èyí tó ń jẹ́ 7.2V. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti LiPo. Ẹ ṣájì rẹ̀ ní nǹkan bíi 1C lórí ṣájà tó lè mọ ìgbà tí fóltì bá dé òkè tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e wọ ọkọ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, torí ìgbà yẹn ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ó máa ń pàdánù iná fúnra rẹ̀ bó bá jókòó, nítorí náà èyí tí ẹ ṣájì lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kún mọ́. Ẹ má sá a títí táyà á fi dúró, torí sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ tán á yí òdìkejì nígbà tí àwọn tó kù bá ń tì í. Ẹ má sì ṣe fi ètò NiMH ṣájì LiPo láé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí bátìrì bá ti lọ

Bí ìdènà inú bá ti di ìlọ́po méjì ohun tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò yẹ fún ìdíje mọ́, àmọ́ ó ṣì lè wúlò fún ìdánrawò. Bí ó bá wú, bí rọ́bà ara rẹ̀ bá ya, bí òórùn dídùn kan tó jọ ti ọ̀dà èékánná bá ń jáde lára rẹ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá fi í kọlu ògiri tí ó sì tẹ̀, kò sí ìdánrawò kankan. Ẹ má gún un pé kí afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ gbé e síta, kí ẹ fi í sínú ìkòkò, kí ẹ so gílóòbù 12V mọ́ ọn, kó máa tàn títí tí yóò fi kú tí mítà á fi sọ pé fóltì rẹ̀ ti tán pátápátá. Ẹ gé wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù bo ẹnu wọn. Ẹ kó o fún ẹni tó ń gba bátìrì àti ẹ̀rọ àlòkù lọ́nà tó tọ́, bí ẹ bá mọ irú rẹ̀. Títí ẹ ó fi rí i, yanrìn inú garawa ni kó máa gbé. Kò gbọ́dọ̀ dé ààtàn àdúgbò, torí pé wọ́n á sun ààtàn yẹn nírọ̀lẹ́, ọmọ kéékèèké sì máa ń wà nítòsí rẹ̀.